Eléyín Kò Ní Rífáàsì

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá bàbá mi sọ nípa ìsìnkú ara rẹ̀. Kò sọ irú pósí tó fẹ́, kò yan orin, kò tilẹ̀ sọ ibi tí a óò sin ín sí. Ó kàn ní, "Ẹ má fi fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mi sára ìwé ètò o. Mo dà bí olè nínú ẹ̀. Èyí tí èmi àti Eléyín jọ wà ni kí ẹ lò." Ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ní a ti gbọ́. Gbogbo wa tí a dúró yí ibùsùn rẹ̀ ká nílé wọn ní Sùúrùlérè sì mi orí. Ìgbà tí Bàbá kú tán, tí a tú gbogbo àpótí ilé wò, la tó mọ̀ pé kò sí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ènìyàn ni Eléyín, mọ́tò ni. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn òyìnbó ṣe é. Ó jọ pé inú wọn dùn nígbà náà pé ogun ti parí, nítorí bí ẹni ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ni wọ́n ṣe ṣe mọ́tò yìí. Ó sanra níwájú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, apá méjì sì yọ nídìí rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti òkè funfun bíi wàrà. Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi. Lábẹ́ ojú náà ni irin dídán gbọọrọ gbọọrọ tò sí bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ìyàngàn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò sì ti rí orúkọ fún un. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá Bàbá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń la títì ló tà á fún un, nígbà tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé.

Nígbà tí ọ̀kan já nínú àwọn eyín náà, Bàbá gé ọwọ́ ṣíbí tí Ìyá fi ń bu ọbẹ̀, ó rẹ́ ẹ dán, ó sì so ó mọ́ ibẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Ìyá fi ń fi ife tíì bu ọbẹ̀ fún un, tí á sì dúró máa wò ó lójú. Bàbá ń jẹun rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọbẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n fi bu òun. Àmọ́ ẹni tó bá rí àlàfo lẹ́nu mọ́tò mi á rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kẹta tí Bàbá kú, Dádì mi, tí í ṣe àkọ́bí rẹ̀, tó sì jẹ́ mánẹ́jà báńkì, ní bí a kò bá rí Bàbá nínú fọ́tò, ó kéré tán a óò rí mọ́tò. Ó ní kí èmi àti Sọ́jì Fọ́tò lọ ya Eléyín níbi tó wà lábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà. Sọ́jì ló ní sítúdíò tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, ọdọọdún ló sì ń sọ pé òun máa kún un lọ́dà. Mo gbá ewé kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá nu mọ́tò náà, nítorí kò gbà kí wọ́n fi aṣọ mìíràn nù ún nígbà ayé rẹ̀. Sọ́jì gbé kámẹ́rà, ó sì dúró sápá òsì.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún!" Ẹnu mi ló ti jáde kí n tó mọ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ ti yà á!"

Sọ́jì sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ó ń wò mí. Ohùn Bàbá ni. Ọmọlanke kan ti ya wọ ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́tò náà nígbà kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń fi ẹ̀gbẹ́ náà pamọ́ bí ẹni ń fi eéwo pamọ́. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò Eléyín rí tí kò gbọ́ igbe náà. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe ṣe mí. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo sunkún, síńgílẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Mojí, má sunkún mọ́," ni Sọ́jì wí. "Fọ́tò mọ́tò yìí tí mo ti yà ju ti ìyàwó lọ. Bàbá yìí ò sì gbà kí n ya òun mọ́ ọn rí. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa pariwo mọ́ mi. Mo ní, 'Bàbá, ẹ wá dúró kí n ya ẹ̀yin náà.' Wọ́n ní, 'Ẹni tí kò ní ló ń ya fọ́tò. Èmi ni mo ni ín.'"

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, mọ́tò méjì péré ló wà ní òpópónà wa, ti Bàbá àti ti dókítà kan tí kì í kí ènìyàn. Ẹni tó bá ríṣẹ́ á wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eléyín. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á tètè wá yà á kí wọ́n tó gbọ́ nílé. Wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n kàn máa ń gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ara rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé, "Ara le, a dúpẹ́." A gbọ́ pé ní ìlú kan lápá Ìjẹ̀bú, bàbá mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nígbà tí wọ́n kó fọ́tò ọmọ wọn síta, tí wọ́n rí i pé nọ́ńbà kan náà ló wà lára mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé nọ́ńbà kan náà ni ìjọba Èkó ń fún gbogbo ọmọ ìlú wọn.

Bàbá mọ gbogbo èyí, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló ní, ó sì ń kà á sétí olúkúlùkù bí àlùfáà: "Fi ọwọ́ lé e. Má fi ìdí lé e."

Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ni pé Eléyín kò ní rífáàsì. Jíà tó ń dá mọ́tò padà sẹ́yìn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mẹkáníìkì kan ní Múṣin ní òun lè bá a fi jíà mọ́tò Jàpáànù sí i, Bàbá sì wò ó bí ẹni pé ó ní kí òun gé ẹsẹ̀ òun fi ti ewúrẹ́ rọ́pò. Ó ní, "Ẹni tó yá ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ibi tó bá wu ẹlẹ́sẹ̀ ló máa gbé e lọ." Láti ọjọ́ náà ló ti tún gbogbo ayé rẹ̀ tò, kí ó má baà sí ìdí tí yóò fi padà sẹ́yìn.

Kì í lọ sí ilé tí ọ̀nà ibẹ̀ kò bá là já. Ó ní ọ̀nà tó parí sí ara ògiri, olè ló là á, kì í ṣe ìjọba, òun sì mọ̀ nítorí òun bá ìjọba la ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Yábà, ní ìparí ọ̀nà kan tí kò já síbì kankan. Ojú títì ni Bàbá ti ń kí i. Á fun fèrè, àbúrò á gbé abọ́ oúnjẹ jáde wá bá a, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé mọ́tò bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Ìyá bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kò lè fi ẹsẹ̀ rìn wọlé ni. Bàbá ní, "Ta ló máa dúró ti Eléyín?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? A ní láti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, kí Bàbá lè yí po nínú ọgbà nígbà tí ibẹ̀ ṣì ṣófo, kí ó sì kọ ojú mọ́tò sí géètì. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìdílé wa ló ń jí ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, fi wá ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ. Ó ní, "Ẹ wo bàbá arúgbó yìí, ẹ wo ìtara rẹ̀ fún ilé Olúwa." Gbogbo ìjọ yíjú wò wá. Bàbá tẹrí ba bí ẹni mímọ́. Ìyá fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Ìtara kọ́ o. Rífáàsì ni."

Bàbá fúnra rẹ̀ náà kò ní rífáàsì. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá bá ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Bó bá ní òjò máa rọ̀ lónìí, yóò gbé agbòòjò kiri nínú oòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó bá Dádì mi jà nígbà tí Dádì ra mọ́tò Jàpáànù tirẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní agolo sàdíìnì ni. Nígbà tí agolo sàdíìnì náà gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sọ́sípítù, ó ní ó kéré tán sàdíìnì kì í bàjẹ́. Bí a bá yọ ọjọ́ kan ṣoṣo kúrò, mi ò gbọ́ kí ó sọ "má bínú" fún ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, yóò ra ọsàn wá fún ọ, yóò sì bá ọ jà bí o kò bá jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ọsàn rẹ̀ dùn ju "má bínú" àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Gàníyù fi yà wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Gàníyù ni ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọra, ó níwà tútù, ó sì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé wá bá Bàbá ní pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde.

"Bàbá, mo ti dáràn."

"Ọmọ ta lo fún lóyún?"

"Kì í ṣe oyún sà. Fọ́tò ni."

Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣìdí, ní Èbúté Mẹ́ta. Ó fún Ṣìdí ní fọ́tò tó yà pẹ̀lú Eléyín, Ṣìdí fi han bàbá rẹ̀, Àlàájì kan tó ń ta símẹ́ńtì, Àlàájì sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti pé, Àlàájì sì ní kí ọkọ ìyàwó gbé mọ́tò náà wá, kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun lè fojú rí i.

"O sọ fún un pé tìẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Wọn ò bi mí."

"Ẹni tó dákẹ́, tí wọ́n torí ìdákẹ́ ẹ̀ fún un lọ́mọ, irọ́ ló pa!"

Bàbá bá a wí títí ọbẹ̀ fi dì nínú abọ́. Ó ní òun fi ọdún gbogbo jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò, òun ò sọ pé kí wọ́n fi fẹ́yàwó. Ó ní Eléyín kò ní bá ẹnikẹ́ni purọ́, òun sì ti sọ tòun. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gàníyù náà mọ̀ ọ́n. Ó ń dìde bí ẹni tí wọ́n ti gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ohùn Ìyá wá láti ilé ìdáná.

"Aago ńkọ́?"

"Aago wo?" ni Bàbá wí.

"Aago ọwọ́ tó o dè wá sílé bàbá mi. Èyí tó ò ń gbé ọwọ́ sókè wò ṣáá bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ já sílẹ̀. Ṣé tìẹ ni?"

Bàbá fa apá aṣọ rẹ̀ bo ọrùn ọwọ́.

"Ìgbà tá a ṣègbéyàwó tán, mo ní aago dà. O ní o ti dá a padà fún ọ̀gá ẹ."

Bàbá ti abọ́ ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, níbi tí aago kan ti wà rí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe sí wa. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Gàníyù, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé òun ló wù ẹ́ àbí símẹ́ńtì bàbá ẹ̀?"

"Òun ni sà. Bí wọ́n bá ní kí n fẹsẹ̀ rìn láti Ìjọra wá fẹ́ ẹ, màá rìn."

"Èmi ni màá wà á lọ," ni Bàbá wí. "Kò sí ọmọ tí mo máa fún ní kọ́kọ́rọ́ Eléyín. Àmọ́ ẹni tó bá ń wa mọ́tò olówó, dírẹ́fà ni. Ẹ lọ wá fìlà dírẹ́fà fún mi."

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti fìlà dúdú tó ní etí níwájú, èyí tí Ìyá yá lọ́wọ́ dírẹ́fà dókítà tí kì í kí ènìyàn. Gàníyù jókòó sẹ́yìn nínú agbádá, òógùn bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ìyá wà, nítorí ìyá Gàníyù ti kú, òun ló sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ. Èmi wà níwájú. Mo rò pé ọjọ́ náà wà lára àwọn ọjọ́ tí Ìyá gbádùn jù láyé. Ó ti ń jókòó síwájú mọ́tò yìí láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń gbọ́ pé kó má fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn.

"Dírẹ́fà," ó ní, "rọra wà á. Kòtò wà níwájú."

"Ẹ má bínú, Màdáámù," ni Bàbá wí. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ "ẹ má bínú" lẹ́nu bàbá àgbà mi.

Ìgbà tí a dé Èbúté Mẹ́ta ni wàhálà dé. Ilé Àlàájì wà ní ìparí ọ̀nà tóóró kan, ọ̀nà náà sì parí sí ara ògiri réluwéè. Bàbá dá mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ògiri náà. Kò sí ibi tí ènìyàn lè yí po níbẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ bá tilẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ síbí," ni Gàníyù wí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà ilé ìyàwó ti tò sẹ́nu géètì lọ́hùn-ún, Àlàájì sì di fọ́tò náà mú, ó ń nà án sókè kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fi wé èyí tó ń bọ̀. Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ki jíà, ó sì wọlé.

Wọ́n kó àlejò wọ pálọ̀. Ọmọ ni mí, wọ́n ní kí n dúró ti dírẹ́fà. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa nínú mọ́tò, lórí àwo irin, ẹran tó wà lórí rẹ̀ kò ju ẹyin ojú lọ. Bàbá, akọ̀wé àgbà tí ìjọba fún ní owó ìfẹ̀yìntì, alàgbà ìjọ, onílé, gba àwo náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ ṣé o." Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n parí, Àlàájì ní kí ayafọ́tò ya mọ́tò ọkọ ọmọ òun. Wọ́n ní kí dírẹ́fà sọ̀ kalẹ̀, kí fọ́tò lè mọ́. Bàbá ní òun kò lè sọ̀, bíréèkì ọwọ́ kò di mọ́tò mú dáadáa lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, tí òun bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, mọ́tò á yí lọ lu ògiri. Òtítọ́ sì ni. Ni Ìyá, tó ti padà sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò, bá yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Dírẹ́fà, wojú kámẹ́rà, má ba fọ́tò ọ̀gá ẹ jẹ́." Ayafọ́tò sì yà á.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ ni ìgbà tí a fẹ́ máa lọ. Inú Gàníyù dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó jáde wá bá Bàbá lójú gbogbo àna, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú agbádá. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, sà."

Àwọn àna ń wo ara wọn. Bàbá sọ̀rọ̀ láàárín eyín: "Dìde, ọ̀dẹ̀. Ọ̀gá mi ni ẹ́."

Àlàájì ló gbà á là. "Ẹ ò rí ọkọ tí Ṣìdí mú wá!" ló ké. "Ó tún ń dọ̀bálẹ̀ fún dírẹ́fà! Ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń sìn ín!"

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọkùnrin ilé ìyàwó ká aṣọ sókè, wọ́n ti Eléyín sẹ́yìn láti ara ògiri títí dé ojú títì. Bàbá yí ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń tọ́ mọ́tò padà láàárín ilé méjì. Ó ti búra fún mẹkáníìkì Múṣin pé ẹnikẹ́ni kò ní ti òun sẹ́yìn láyé òun. Ìgbà tí a délé, tí ó bọ́ fìlà, gbogbo wa ń retí ohun tó máa sọ. Ó ní, "Ẹran wọn kéré, àmọ́ ó jinná."

Gàníyù fẹ́ Ṣìdí. Wọ́n kó lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè mọ́tò, Gàníyù tún dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun ti fi ta dírẹ́fà lọ́rẹ. Ìyẹn wú Àlàájì lórí jọjọ. Ó ní ẹni tó lè fún dírẹ́fà ní mọ́tò kò lè jí símẹ́ńtì, ó sì fi í ṣe olórí ilé ìkẹ́rùsí òun. Ipò náà ló ṣì wà nígbà tí Bàbá kú.

Ó wá kí wa. Ó gbọ́ tí a ń ṣàròyé pé kò sí fọ́tò. Ó lè dákẹ́, ẹ ṣáà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀, ó ní, "Fọ́tò kan wà. Pálọ̀ àna mi ló wà." Èmi àti òun la jọ lọ. Ojú ọ̀nà ló ti ń sọ fún mi pé bí Àlàájì bá mọ ẹni tí Bàbá jẹ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, iyì òun sì lọ lójú ìyàwó àti ọmọ. Ó sọ fún Àlàájì pé dírẹ́fà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá fọ́tò.

"Dírẹ́fà yẹn kú?" Àlàájì fi ọwọ́ nu ojú. "Ó jẹun nílé mi. Mo ń bọ̀ níbi ìsìnkú."

Mo gbé fọ́tò náà délé. Eléyín kún inú rẹ̀ bámúbámú, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bàbá wà nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà dírẹ́fà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn, ti mọ́tò nísàlẹ̀, tirẹ̀ lókè. Mi ò rí fọ́tò Bàbá mìíràn tó ti rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú fèrèsé, ni ọwọ́ Ìyá wà, tó ń nà án sí i bí màdáámù.

Dádì mi gbá tábìlì. "Kò ṣeé ṣe! Àwọn ọ̀gá mi ní báńkì ń bọ̀. Kí n wá fi bàbá mi hàn wọ́n pẹ̀lú fìlà dírẹ́fà?"

"Ó ní èyí tí òun àti Eléyín jọ wà," ni Ìyá wí. "Ṣé o rí òmíràn?"

Dádì gbé fọ́tò náà, ó ní òun á rò ó. Ó jókòó tì í pẹ́. Nígbà tó dìde, ó fà á lé Sọ́jì lọ́wọ́, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ tó gbé òkú fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ ọgbà. Ìyá dá a dúró, ó ní kí wọ́n lọ yí po wá. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ mi fi ẹ̀yìn rìn," ó ní, "ó sì ní ìdí."

A sin ín tán, a padà sílé, ni Àlàájì bá dé pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo àga tó kún ọgbà, ó wo fíkà, ó wo àwọn ọ̀gá báńkì, ó ní, "Dírẹ́fà lẹ sin báyìí? Ẹ mà ṣeun o." Ó wo Eléyín lábẹ́ igi, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó di Dádì mi lọ́wọ́ mú lójú gbogbo ènìyàn. Ohùn Àlàájì kì í sì í ṣe ohùn kékeré.

"Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Ọkọ ọmọ mi tó fún bàbá yín ní mọ́tò yìí, ṣé ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ojú Gàníyù rẹ̀ wẹ̀sì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Mo rí i tó dìde, tó la ẹnu, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ jẹ́wọ́, kí iṣẹ́ lọ, kí iyì lọ. Ìyá di agbádá rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á padà sórí àga.

"Jókòó," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹran tí ọkọ mi ti jẹ nítorí ẹ, o ò ní jẹ́ kó bì í lónìí."

Dádì mi rí wọn, ó sì ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu mi. Ó wo Ìyá. Ó wo ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín sí i lábẹ́ fìlà. Mánẹ́jà báńkì ni, àwọn ọ̀gá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó tọ Gàníyù lọ, ó dọ̀bálẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, lórí koríko.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni Dádì mi wí. "Bàbá mi gbádùn mọ́tò náà."

Gàníyù bú sẹ́kún bí ọmọdé, kò sí ẹni tó lè pẹ̀tù sí i. Àlàájì yíjú sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi sì lé róró sí ojú òun náà.

"Ẹ ò rí i?" ó ní. "Ọ̀gá wo lẹ tún rí tó ń sunkún dírẹ́fà báyìí?"